Ohun Tí Mo Kọ́ Nídìí Kíkọ Ìtàn Àwọn Olórin Tí Òkìkí Wọn Kò Kàn

Ó pẹ́ tí mo ti ń kọ nípa àwọn olórin àti ẹgbẹ́ eléré tí iṣẹ́ wọn tóbi ju òkìkí wọn lọ. Ìfẹ́ orin ló sún mi débẹ̀, ìrẹ̀wẹ̀sì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi kúrò níbẹ̀. Àwọn tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ irú iṣẹ́ yìí máa ń bi mí pé ibo ni kí àwọn ti mú un. Èsì tí mo ń fún wọn ni mo kó jọ síbí, kí ohun tó jẹ mí níyà má baà jẹ ẹlòmíràn níyà.

Àánú ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Tí mo bá ti gbọ́ pé ẹnìkan ṣe àwo tó dára, tí àwo náà kò sì tà, kíá ni mo ti máa ń kọ ọ́ pé ayé ò mọ iyì rẹ̀, pé wọ́n pa á tì, pé inú ìbànújẹ́ ló kú sí. Ìtàn Nick Drake wà lára èyí tí mo kọ́kọ́ kọ. Olórin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni. Ó ṣe àwo mẹ́ta láàárín ọdún 1969 sí 1972, kò sí èyí tó tà dáadáa nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó sì kú ní 1974 lẹ́ni ọdún 26. Mo kọ ọ́ tán, omi ń dà lójú mi. Mo fún obìnrin kan tí mo mọ̀ pé etí rẹ̀ mọ orin. Ó kà á, ó ní, "Ó ṣe mí láàánú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n báwo ni gìtá rẹ̀ ṣe ń dún?" Mo yẹ ìwé náà wò láti òkè dé ìsàlẹ̀, kò sí ìlà kan tó sọ̀rọ̀ gìtá.

Bẹ́ẹ̀, gìtá yẹn gan-an ni kókó ọ̀rọ̀. Drake kì í sábà de okùn gìtá rẹ̀ sí ohùn tí gbogbo ayé ń dè é sí. Á tú u, á tún un dè lọ́nà tirẹ̀, débi pé ẹni tó bá fẹ́ fi gìtá ta orin rẹ̀ lónìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wádìí bí okùn kọ̀ọ̀kan ṣe wà. Nínú Pink Moon, àwo rẹ̀ kẹta, ohùn rẹ̀ àti gìtá rẹ̀ nìkan lo máa gbọ́, àfi dùùrù díẹ̀ tó yọjú nínú orin àkọ́kọ́. Tí o bá sọ èyí fún ènìyàn, á wá àwo náà lọ gbọ́. Tí o bá sọ fún un pé ọkùnrin kan kú léwe tí ayé ò náání rẹ̀, á mí kanlẹ̀, á sì kọjá lọ.

Láti ìgbà náà, n kì í fọwọ́ kan ìtàn ìgbésí ayé ẹnikẹ́ni kí n tó jókòó ti orin rẹ̀ kan ṣoṣo. Màá gbọ́ ọ nítorí ìlù nìkan. Màá tún un gbọ́ nítorí bàsì, kí n tún gbọ́ ọ nítorí ohùn. Ibi tí nǹkan bá ti yí padà, màá kọ ìṣẹ́jú rẹ̀ sílẹ̀. Bí mo ṣe ṣe é nìyẹn nígbà tí mo kọ nípa àwọn ìbejì Lijadu, Táíwò àti Kẹ́hìndé, tí wọ́n gbé Danger, Mother Africa, Sunshine àti Horizon Unlimited jáde láàárín 1976 sí 1979. Ohun tí àwọn ènìyàn sábà máa ń sọ nípa wọn ni pé obìnrin ni wọ́n láàárín iṣẹ́ tí ọkùnrin kún inú rẹ̀, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n tí o bá fetí sí ohùn méjèèjì, wàá gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ohùn kan náà pọ̀ fún ìgbà pípẹ́ kí wọ́n tó yà síra wọn, ìyàsíra yẹn ló sì máa ń ta ènìyàn jí. Wàá sì fẹ́ mọ ẹni tó to orin náà tí kò fi dí wọn lọ́wọ́. Biddy Wright ni, ẹni tó mọ oríṣiríṣi ohun èlò ta, tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń jó sí orin wọn kò tíì gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí.

Àwọn nǹkan tí mo ń kọ kò rí òǹkàwé púpọ̀. N kò ní fi bò. O lè lo oṣù gbáko lórí ẹgbẹ́ kan, kí ó jáde, kí àwọn tó kà á má ju àwọn ọ̀rẹ́ rẹ lọ. Ó máa ń dùn mí wọ egungun, pàápàá tí mo bá rí i pé ẹni tó kọ ìlà mẹ́ta nípa aṣọ tí gbajúmọ̀ olórin kan wọ̀ ti kó òǹkàwé rẹpẹtẹ. Mo dáwọ́ dúró fún ìgbà kan.

Ọ̀rọ̀ Sister Rosetta Tharpe ló dá mi padà. Orin ìhìnrere ni obìnrin yìí ń kọ, gìtá oníná ló sì fi ń ta á, kí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní baba rock tó gbé gìtá kọ́ èjìká. Òkìkí rẹ̀ kàn gan-an ní àwọn ọdún 1930 àti 1940. Síbẹ̀, nígbà tó kú ní Philadelphia ní 1973, kò sí òkúta kankan tí wọ́n fi sàmì sí sàréè rẹ̀. Ní 2007 ni ìwé ìtàn ayé rẹ̀ tí Gayle Wald kọ jáde. Ní January 2008, wọ́n ṣeré kan ní Pennsylvania láti kówó òkúta sàréè náà jọ. Nígbà tó di 2018, wọ́n gba orúkọ rẹ̀ wọlé sí Rock and Roll Hall of Fame, ilé tí wọ́n ti ń bọlá fún àwọn olórin rock ní Amẹ́ríkà. Ìwé kan kọ́ ló dá gbogbo èyí ṣe, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn tó fẹ́ ṣe nǹkan ń wá ohun tí wọ́n máa dì mú, ó wà nílẹ̀ fún wọn. Ìyẹn tó mi. N kò ka iye òǹkàwé ọjọ́ àkọ́kọ́ mọ́.

Nígbà tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́, ìbéèrè mi ti yàtọ̀. Tẹ́lẹ̀, tí mo bá fẹ́ sọ ìdí tí olórin kan kò fi lókìkí, màá ní àsìkò rẹ̀ kò tíì tó, tàbí pé etí àwọn ènìyàn kò tíì là. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán nìyẹn. Ẹ wo Big Star, ẹgbẹ́ kan láti Memphis. Àwo wọn àkọ́kọ́ jáde ní 1972, àwọn tó ń kọ̀wé nípa orin sì yìn ín. Ní 1973, àwọn òǹkọ̀wé orin pé jọ sí Memphis, Big Star ṣeré fún wọn, inú gbogbo wọn dùn. Ibi tí wàhálà wà ni pé ẹni tó bá wọ ilé ìtajà láti ra àwo náà kì í rí i. Ilé-iṣẹ́ Stax, tó yẹ kó pín in kiri, kò gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn òǹtajà bó ṣe yẹ. Ìyìn pọ̀, àwo kò sí. Kò sí ohun tó kan etí tó là tàbí tí kò là níbẹ̀; ọ̀rọ̀ páálí ẹrù àti ọkọ̀ akẹ́rù ni.

Nítorí náà, ohun tí mo máa ń wá ni pé: ta ló tẹ àwo yìí? Ẹ̀dà mélòó? Ta ló ń pín in? Kí ló ṣẹlẹ̀ sí ilé-iṣẹ́ náà lọ́dún yẹn? Kí ló ń lọ nílùú olórin náà? Àwọn ìbéèrè wọ̀nyí kò dùn létí, ṣùgbọ́n abẹ́ wọn ni ìtàn máa ń fara pamọ́ sí. Hailu Mergia, atẹdùùrù ọmọ Etiópíà, lókìkí ní Addis Ababa pẹ̀lú Walias Band. Wọ́n rìnrìn àjò eré lọ sí Amẹ́ríkà ní 1981, abẹ́ ìjọba ológun sì ni ìlú wọn wà nígbà náà. Àwọn kan padà sílé, òun dúró. Ní 1985 ó ṣe kásẹ́ẹ̀tì kan, òun nìkan, pẹ̀lú àwọn dùùrù oníná àti àkọ́díọ̀nù. Lẹ́yìn náà ó bọ́ sídìí takisí ní agbègbè Washington. Dùùrù kékeré kan wà nínú ọkọ̀ rẹ̀. Tó bá ń dúró de èrò, á gbé e jáde, á máa ta á. Ní 2013, ilé-iṣẹ́ Awesome Tapes From Africa tún kásẹ́ẹ̀tì náà gbé jáde, Mergia sì padà sórí pèpéle. Ní 2018 ó gbé àwo tuntun jáde, Lala Belu. Ẹ ò rí i pé ẹni tó bá kọ ọ́ pé "ayé gbàgbé rẹ̀" kò tíì sọ nǹkan kan. Ìṣèlú, òkun, àti kásẹ́ẹ̀tì tí kò kúrò láàárín àwọn ará ìlú rẹ̀ ló fa gbogbo rẹ̀.

Èyí tó dùn mí jù lọ rèé. Mo kọ ìtàn ẹgbẹ́ kan tó ti tú ká tipẹ́. Mo sọ ti olórí ẹgbẹ́ náà dáadáa. Ìgbà tó kù díẹ̀ kí n parí ni mo wá to orúkọ àwọn tó kù sí ìpínrọ̀ ìkẹyìn: onígìtá, oníbàsì, onílù, àwọn tó ń fọn fèrè. Ìwé ìròyìn tó fẹ́ gbé e jáde ní àyè kò tó. Ibi tó rọrùn jù láti gé nínú ìwé ni ìdí rẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni olóòtú gé. Ó ti jáde kí n tó mọ̀. Kò pẹ́ tí ọmọbìnrin onílù náà fi pè mí lórí fóònù. Kò bínú. Ó kí mi, ó dúpẹ́, ó wá ní, "Bọ̀dá, mo kà á fún màmá mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọ́n ní kí n tún un kà, wọ́n rò pé mo fo ibì kan ni. Orúkọ bàbá mi dà?"

N kò rí èsì fún un. Mo bẹ olóòtú, wọ́n ní ìwé ti jáde, kò sí ohun tí àwọn lè ṣe. Bàbá yẹn ti kú. Ìyàwó rẹ̀ jókòó, ó ń retí orúkọ kan.

Láti ìgbà náà, orúkọ onílù kì í sí nídìí iṣẹ́ mi mọ́. Àárín gbólóhùn tí orin ti ń ṣẹlẹ̀ ni mo máa ń fi í sí, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti lè yọ ọ́ kí gbólóhùn náà má wó. N kò ní kọ ọ́ pé ìlù orin náà le. Màá kọ ọ́ pé lágbájá ló gba orin náà mọ́ wọn lọ́wọ́ nígbà tí akọrin dákẹ́. Ẹ gbìyànjú rẹ̀. Ẹ máa rí i pé ìwé yín pàápàá á dùn sí i, nítorí pé ènìyàn ló ń ṣe nǹkan nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ orúkọ yìí kì í ṣe kékeré. Ní Motown, ilé-iṣẹ́ àwo kan ní Detroit, àwọn kan náà ló ń lu ohun èlò lẹ́yìn ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn gbajúmọ̀ akọrin wọn, Funk Brothers ni wọ́n ń pè wọ́n. Gbogbo àwọn ọdún 1960 ni orin wọn fi wà lẹ́nu gbogbo ayé, wọn kì í sì í kọ orúkọ wọn sí páálí àwo. Ọdún 1971, lórí àwo What's Going On ti Marvin Gaye, ni orúkọ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ. James Jamerson tó ń ta bàsì níbẹ̀, ìka kan ṣoṣo lọ́wọ́ ọ̀tún ló fi ń ta á. Ẹni tó bá ti mọ̀ bẹ́ẹ̀, tó sì padà lọ gbọ́ àwọn orin yẹn, kò ní gbọ́ wọn bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Ohun mìíràn tó yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún ni pé irú ìtàn yìí máa ń wu ènìyàn kó dùn ju bó ṣe rí lọ. Sixto Rodriguez, ọmọ Detroit, gbé àwo méjì jáde ní 1970 àti 1971. Wọn ò tà ní Amẹ́ríkà, ó sì lọ ń ṣe iṣẹ́ wíwó ilé àti títún ilé ṣe. Ní South Africa, òkìkí rẹ̀ kàn débi pé wọ́n ń sọ pé ó pa ara rẹ̀ lórí pèpéle. Ní 1998 ó lọ síbẹ̀, wọ́n fojú ara wọn rí i, ó kọrin fún wọn. Fíìmù tó sọ ìtàn yìí ní 2012, Searching for Sugar Man, gba Oscar. Ohun tí fíìmù náà kò sọ ni pé Rodriguez ti lọ ṣeré ní Ọsirélíà ní 1979 àti 1981, tí èrò sì wá wò ó. Inú mi dùn fún ọkùnrin náà pé ó rí èrè iṣẹ́ rẹ̀ kí ó tó kú ní 2023. Ṣùgbọ́n àwọn ará Ọsirélíà tó ra tíkẹ́ẹ̀tì nígbà yẹn jẹ́ ara ìtàn náà, kò yẹ kí a nù wọ́n kúrò kí ọ̀rọ̀ lè dùn.

Àgbà olórin kan fi èyí yé mi ju ìwé kankan lọ. Mo lọ bá wọn, ìbéèrè tí mo sì fi ṣáájú ni pé báwo ló ṣe rí lára wọn pé àwọn ènìyàn ti gbàgbé wọn. Bàbá wò mí títí. Wọ́n ní, "Ta ló gbàgbé mi? Mo ṣeré lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ìwọ lo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé." Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ọjọ́ yẹn kò lọ jìnnà.

Nígbà tí mo padà lọ, n kò béèrè nǹkan kan nípa ìyà. Mo mú ọ̀kan nínú orin wọn àtijọ́ dání, mo tẹ̀ ẹ́ kí wọ́n gbọ́. Kò pẹ́ tí ìka wọn fi bẹ̀rẹ̀ sí í lu tábìlì. Wọ́n ní kí n dá a dúró, kí n dá a padà díẹ̀. "Gbọ́ ibẹ̀ yẹn. O rò pé ọgbọ́n la dá? Okùn gìtá ló já. Owó sítúdíò ti tán, a ò lè tún un gbà, ni onígìtá bá ń fi èyí tó kù ta á lọ." Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ẹni tó ni gìtá náà, bí wọ́n ṣe yá a, ẹni tó san owó sítúdíò, àti ohun tó dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn. Ohun èlò ni kí ẹ kọ́kọ́ béèrè. Ta ló rà á? Ibo ló wà báyìí? Ìròra á jáde fúnra rẹ̀ tó bá fẹ́ jáde, ẹni tó ni ín ló sì máa pinnu bó ṣe máa jáde.

Ìrántí dára, ṣùgbọ́n ìrántí máa ń ṣi ọdún. Àgbàlagbà á sọ fún yín pé àwo náà jáde lọ́dún tí àkọ́bí wọn wọ ilé-ìwé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á ní rárá. Ẹ má pe ẹnikẹ́ni ní òpùrọ́. Ẹ lọ wo àwo. Tí ó bá jẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù, ẹ gbé e sí ibi tí iná wà, kí ẹ wo ibi tó ń dán láàárín òpin orin àti bébà tó wà láàárín àwo. Ẹ máa rí nọ́ńbà àti lẹ́tà tí wọ́n ha síbẹ̀. Nọ́ńbà yẹn ló ń tọ́ka sí irin tí wọ́n fi tẹ àwo náà. Ẹ fi í wé ti àwọn àwo mìíràn láti ilé-iṣẹ́ kan náà tí ẹ mọ ọdún wọn, kí ẹ tún wò ó lórí ìkànnì ayélujára Discogs níbi tí àwọn olùfẹ́ àwo ti ń kó irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ jọ láti ọdún 2000. Ọ̀nà yìí ni mo fi mọ̀ pé ẹgbẹ́ méjì tí orúkọ wọn jọra ni wọ́n ti pa pọ̀ di ọ̀kan. Nígbà mìíràn, mo rí ọdún kan náà nínú ìwé ìròyìn mẹ́ta, ó sì dà bí ẹ̀rí mẹ́ta. Nígbà tí mo tọpa wọn, ọ̀kan ló kọ ọ́, àwọn méjì tó kù dà á kọ. Ẹni tó bá máa gbára lé nǹkan, kó wá ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́.

Àwọn olórin kan wà tí wọn kò fẹ́ kí a kọ nípa àwọn. Ó le fún mi láti gbà. William Onyeabor ní Enugu gbé àwo jáde fúnra rẹ̀ láàárín 1977 sí 1985, orin tí dùùrù oníná kún inú rẹ̀, lẹ́yìn náà ó gba Jésù, kò sì fẹ́ sọ̀rọ̀ orin yẹn mọ́. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ àwo Luaka Bop kó àwọn orin rẹ̀ jọ jáde ní 2013, tí àwọn ènìyàn káàkiri ayé ń jó sí i, síbẹ̀ kò fẹ́ ṣàlàyé nǹkan kan, ó sì kú ní 2017 pẹ̀lú ohun tó pọ̀ nínú rẹ̀. Èmi náà ti pàdé irú ẹni bẹ́ẹ̀. Mo kọ nípa orin tó ti wà lójú ọjà, mo fi ìyókù sílẹ̀ fún un. Ẹni tó kọrin kò jẹ wá ní gbèsè ìtàn ayé rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó ló kù, òun náà ni mo fẹ́ kí ẹ mú ní pàtàkì jù. Nígbà tí ohun tí mo kọ bẹ̀rẹ̀ sí í rí òǹkàwé, mo ṣàkíyèsí pé iye tí wọ́n ń ta àwo àtijọ́ àwọn ẹgbẹ́ kan ń gun òkè. Inú mi kọ́kọ́ dùn. Ó wá yé mi pé nínú owó àwo tí ẹnìkan ti rà tẹ́lẹ̀ tó tún ń tà, kọ́bọ̀ kan kì í kan olórin. Ìyìn mi ń sọ àwọn oníṣòwò àwo di olówó.

Ẹ̀tọ́ méjì ló wà lórí orin tí a gbà sílẹ̀: ti ẹni tó kọ orin, àti ti ẹni tó ni ohùn tí a gbà sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó lu ohun èlò kò ní èyíkéyìí nínú méjèèjì. Clyde Stubblefield ló lu ìlù inú Funky Drummer, orin kan tí James Brown gbà sílẹ̀ ní Cincinnati ní 1969. Àìmọye olórin ráàpù ló ti gé ìlù yẹn lẹ̀ mọ́ orin tiwọn. Nítorí pé orúkọ rẹ̀ kò sí lára àwọn tó kọ orin náà, owó ẹ̀tọ́ kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ títí tó fi kú ní 2017. Nítorí náà, kí n tó gbé nǹkan jáde, mo máa ń bi olórin tàbí àwọn ọmọ rẹ̀ pé ọwọ́ ta ni téèpù àkọ́gbà wà, ṣé ìwé àdéhùn ṣì wà, ibo ni ènìyàn ti lè ra orin náà kí owó dé ọwọ́ wọn. Tí mo bá rí èsì, òkè ni mo máa ń kọ ọ́ sí, níbi tí wọn kò ní gé. Tí ilé-iṣẹ́ kan bá ní òun fẹ́ tún àwo náà gbé jáde, màá ní kí àwọn ẹbí wá agbẹjọ́rò tó mọ òfin orin kí wọ́n tó tọwọ́ bọ ìwé.

Ẹ sì bá mi bẹ àwọn ọmọ olórin tí ẹ bá mọ̀ kí wọ́n má da àpótí yẹn nù: ìwé àdéhùn, fọ́tò, rìsíìtì sítúdíò, páálí àwo tó ti ya. Ní ti téèpù àti kásẹ́ẹ̀tì tó ti pẹ́, kí wọ́n má kọ́kọ́ fi í sínú ẹ̀rọ kan láti dán an wò. Rìbọ́n inú rẹ̀ lè ti lẹ̀ mọ́ra, ẹ̀rọ tí kò dáa sì lè fà á já. Ọ̀dọ̀ ẹni tó mọ iṣẹ́ gbígba téèpù sórí kọ̀ǹpútà ni kí wọ́n gbé e lọ, kí wọ́n sì ní kó gbà á tinú tẹ̀yìn, títí kan ọ̀rọ̀ tí àwọn olórin ń bá ara wọn sọ kí orin tó bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ la ti sábà máa ń gbọ́ tí wọ́n ń pe orúkọ ara wọn.